Igi Oníhò Méjì

Ẹ̀yìn kọ́tìnì gbọ̀ngàn ilé ìwé ni ó ti bá wọn. Gbogbo òṣùwọ̀n tí àwọn ọmọ fi rúlà kíkán, ọ̀pá ìgbálẹ̀, ìdérí agolo àti okùn bàtà ṣe, wọ́n ti rọ́ wọn sínú páálí kan bí ìdọ̀tí tó ń dúró de ẹni tí yóò dà á nù. Okùn ti lọ́ mọ́ okùn, àwọn àwo kan ti tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Olùkọ́ náà kúnlẹ̀ nínú aṣọ tó fara balẹ̀ lọ̀ ní àná nítorí ìpàtẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ lónìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn kúrò lára ara wọn.

Ó bi obìnrin tó ń gbálẹ̀ gbọ̀ngàn léèrè pé ta ló kó wọn síbẹ̀. Obìnrin náà ní kí wọ́n má bínú, ọ̀gá àgbà ilé ìwé ló ní kí òun kó pàǹtírí kúrò níwájú kí àwọn òbí tó dé. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló fi sọ ọ́. Kò mọ̀ pé létí olùkọ́ náà, àfi bí ẹni pé wọ́n fọ́ ọ létí ni.

Ó gbé páálí náà mọ́ra, ó jáde síwájú gbọ̀ngàn, ó sì dúró gbagidi. Lórí tábìlì gígùn níbi tí òun fúnra rẹ̀ to iṣẹ́ àwọn ọmọ sí ní ìrọ̀lẹ́ àná, nǹkan mìíràn ló wà níbẹ̀ báyìí. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi pákó gidi ṣe ni, òmíràn pupa, òmíràn búlúù, ọ̀dà wọn ń dán, ṣéènì tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi gbé àwo wọn rọ̀. Orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí wọn. Gbogbo wọn dúró ṣánṣán, àwo ọ̀tún kò ga ju tòsì lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò pàtẹ́wọ́.

Ó mọ̀ ọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti páálí sábẹ́ tábìlì, ó wo igi wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ihò kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, kò sì sí èyí tí ihò rẹ̀ wà láàárín nínú wọn. Nígbà náà ló dá a lójú pé ọwọ́ ọmọ kankan kò kan iṣẹ́ náà rí.

Ìyá Eré ni wọ́n ń pè é nínú ilé ìwé náà. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, wọn kò sì sọ ọ́ láti yìn ín. Bí àwọn yòókù bá ń kọ nǹkan sójú pátákó tí àwọn ọmọ sì ń dà á kọ, tí kò sí ohùn kankan àfi ti ṣọ́ọ̀kì, kíláàsì tirẹ̀ a máa pariwo bí ibi tí wọ́n ti ń pín nǹkan ọ̀fẹ́. Ó máa ń ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ wọn wọn yàrá, kí wọ́n fi ìdérí ìgò pín nǹkan sí ìdámẹ́ta àti ìdámẹ́rin, kí wọ́n da omi láti inú ife kan sí inú ife mìíràn títí ojú wọn yóò fi rí ohun tí ìwé ń wí. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni eré tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Mú Mi.

Eré náà kò le. Nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí olùkọ́ bá gbé fún wọn, ó máa ń fi irọ́ ẹyọ kan pa mọ́ síbẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ fi ẹnu lásán sọ pé ibi báyìí ni irọ́ wà. Ọwọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi dán iṣẹ́ náà wò kí irọ́ náà lè jáde fúnra rẹ̀. Ọmọ tó bá rí i á dìde, á ní, "Àǹtí, mo mú yín," gbogbo kíláàsì á hó yèè, olùkọ́ á sì na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí olè tí ọlọ́pàá fẹ́ fi nǹkan dè.

Ọmọbìnrin kan wà ní ìjókòó ẹ̀yìn tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́. Láti ìgbà tó ti dé ilé ìwé náà, kò sí olùkọ́ tó gbọ́ ju "mo wà níbí, mà" lọ lẹ́nu rẹ̀, òmíràn tilẹ̀ ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé orí ọmọ náà kò pé tó. Orí pípé wo ni wọ́n ń wí? Eré Mú Mi ló la ọmọ náà lẹ́nu. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ mú olùkọ́, ohùn rẹ̀ kéré débi pé ẹni tó jókòó tì í ló bá a tún un sọ kí ará iwájú tó gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti jẹ́ kí olùkọ́ sinmi mọ́.

Fún ìpàtẹ òní, òṣùwọ̀n ni olùkọ́ ní kí wọ́n ṣe. Ó ya igi gbọọrọ kan sójú pátákó, àwo kan ní orí ọ̀tún, àwo kan ní orí òsì, àti ihò tí wọn yóò fi gbé igi náà kọ́. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ya ihò náà sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ ṣe tiwọn nílé, ohunkóhun tí ọwọ́ wọn bá bà ni kí wọ́n lò, kí wọ́n wá fi àpò iyanrìn méjì tó dọ́gba dán an wò. Òṣùwọ̀n ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é yóò purọ́ fún un, ọmọ náà yóò bínú, yóò wá ìdí rẹ̀, yóò lu ihò mìíràn síbi tó yẹ. Inú ihò kejì yẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà wà. Gbogbo igi inú páálí ìdọ̀tí yìí ló ní ihò méjì, àtèyí tó rí wúruwùru àtèyí tó rí rádaràda.

Ohun kan ṣì ń yà á lẹ́nu. Igi tí ihò rẹ̀ kò sí láàárín, apá tó gùn níláti tẹ̀ sísàlẹ̀. Kò yẹ kí àwọn òṣùwọ̀n ọlọ́dà wọ̀nyí dúró ṣánṣán. Ó ki ìka bọ abẹ́ àwo tó wà ní apá kúkúrú, ọwọ́ rẹ̀ sì ba irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kàn mọ́ ọn níbi tí ojú kò lè tó. Irin náà ló ń fà á bọ̀ sípò. Ẹni tó ṣe é rí i pé igi náà ń purọ́, ṣùgbọ́n dípò kó tú irọ́ náà sílẹ̀, ńṣe ló wọṣọ fún un.

Ibẹ̀ ni ọ̀gá àgbà bá a. Ọ̀gá àgbà jẹ́ ọkùnrin kan tó fẹ́ràn kí nǹkan wà létòlétò. Bí àga bá yà díẹ̀, á tò ó. Bí ọmọ bá béèrè ohun tí kò sí nínú ìwé, á to òun náà. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ó pe Ìyá Eré sí ọ́fíìsì, ó ní àwọn òbí ń ráhùn pé ìwé àwọn ọmọ kò kún, pé eré ni wọ́n ń wá ṣe. Ó ní ọjọ́ ìpàtẹ ni ohun gbogbo yóò ti yanjú. Bí inú àwọn òbí bá dùn sí ohun tí wọ́n rí, kí ó máa bá eré rẹ̀ lọ. Bí inú wọn kò bá dùn, láti ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, àdàkọ ni kíláàsì rẹ̀ yóò máa ṣe bíi ti àwọn yòókù, òun yóò sì ti àpótí tó ń kó ohun eré rẹ̀ sí mọ́ yàrá ìkẹ́rùsí. Látìgbà náà, nǹkan kan ṣoṣo ni olùkọ́ náà ń rò: Jẹ́jẹ́ tí yóò tún padà sí ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n lónìí, ẹ̀rín ni ọ̀gá àgbà ń rín. Ó ní nǹkan tí òun ń sọ láti ọjọ́ yìí nìyí, pé eré pàápàá lè ní ọ̀wọ̀. Ó ní alága ẹgbẹ́ òbí ń kó àlejò bọ̀, àti pé bí wọ́n bá rí tábìlì yìí, kò sẹ́ni tí yóò tún sọ pé kí wọ́n pa eré tì.

"Ọ̀gá, àwọn ọmọ kọ́ ló ṣe wọ̀nyí," ni olùkọ́ náà wí.

"Ta ló bi yín?" ni ọ̀gá àgbà dá a lóhùn, ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ ní ẹ fẹ́ máa ṣeré. Èmi náà gbà pé kí ẹ máa ṣeré. Ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ pa ẹnu mọ́."

Ó lọ tún kọ́tìnì tò. Olùkọ́ náà dúró síbẹ̀. Ohun tó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún, tó ti ń sunkún lé lórí nílé, òun ni wọ́n ń gbé fún un yìí, tí wọ́n sì ti fi irin kàn án nídìí. Ó gbé òṣùwọ̀n pupa kan, ó fẹ́ gbé e padà, ọwọ́ rẹ̀ wá gba etí ìdí rẹ̀ kọjá. Igun ibẹ̀ kò mú. Wọ́n ti fá a yípo títí ó fi rọra wọ ọwọ́.

Ó mọ ọwọ́ tó ń fá igun bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àkọ́bí òun àti ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ó fi iwájú orí gbá igun tábìlì, ẹ̀jẹ̀ sì bò ó lójú. Láti ìgbà náà, bàbá ọmọ náà tó jẹ́ káfíńtà kò fi igun mímú sílẹ̀ mọ́ lára ohunkóhun tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, ìbáà ṣe àga, ìbáà ṣe ilẹ̀kùn oníbàárà. Kò sí káfíńtà mìíràn tó ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ náà wá rántí bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń pẹ́ ní ìsọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, tó ní kọ́bọ́ọ̀dù oníbàárà kan ló ń dí òun lọ́wọ́. Ó rántí ọ̀dà búlúù tó rí ní èékánná rẹ̀. Òun ló tilẹ̀ bá a fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ kúrò.

Ọkọ rẹ̀ dé kí àwọn òbí tó kún gbọ̀ngàn. Ó ti wẹ̀, ó wọ ẹ̀wù tó dára jù lọ nínú ẹ̀wù rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ẹni tó mọ̀ pé òun ní ohun rere tó wà nípamọ́. Ìyàwó rẹ̀ fà á lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe wọ́n?"

"Ìyá àwọn ọmọ, mo rò pé..."

"Ẹ má ro nǹkan kan. Ṣé ẹ̀yin ni àbí ẹ̀yin kọ́?"

Ó wolẹ̀, ó ní òun ni. Ó ní ńṣe ni àwọn òbí ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé ìwé ọmọ wọn dání, wọ́n ní kí òun ṣe é bó ṣe wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́, àwọn yóò gbé e lọ sí ìpàtẹ. Òun rí i pé àwòrán ìyàwó òun ni. Òun sì ti gbọ́ ohun tí ọ̀gá àgbà sọ, òun mọ̀ pé kì í fi bẹ́ẹ̀ rí oorun sùn mọ́. Òun wò ó pé bí ọjọ́ náà bá dán, wọn yóò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Òun kò sọ fún un nítorí òun mọ̀ pé yóò kọ̀.

Olùkọ́ náà sọ fún un pé kò sí ọ̀tá tó lè ṣe òun tó báyìí. Ó ní iṣẹ́ tó yẹ kó rẹ ọwọ́ àwọn ọmọ, ó ti gbà á lọ́wọ́ wọn, bí ẹni tó bá ọmọ jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán tó ní òun ń ràn án lọ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìgbójú sókè. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ihò yẹn, mo tilẹ̀ fẹ́ bi ọ́ nípa rẹ̀..."

"Ẹ má bi mí ní nǹkan kan lónìí," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Gbọ̀ngàn kún. Ọ̀gá àgbà sọ̀rọ̀ títí, ó ní ilé ìwé àwọn ń bá ayé lọ, pé ọwọ́ àti ọpọlọ ni wọ́n jọ ń kọ́ níbẹ̀. Alága ẹgbẹ́ òbí, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tí ohùn rẹ̀ kò nílò ẹ̀rọ gbohùngbohùn, gbé òṣùwọ̀n pupa sókè kí gbogbo ayé rí i. Ti ọmọ rẹ̀ ni. Ó ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, kò sí ọmọ tó lè ṣe irú èyí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ dúró tì í, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Ọ̀gá àgbà wá ní kí olùkọ́ tó kọ́ wọn wá sọ ọ̀rọ̀ ṣókí, ó sì wò ó lójú dáadáa bó ṣe ń sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ṣókí náà ti wà lẹ́nu rẹ̀. Kó kàn dúpẹ́ ni. Bí ó bá dúpẹ́, eré Mú Mi kò ní kú, àpótí rẹ̀ kò ní wọ yàrá ìkẹ́rùsí, yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ láìsí wàhálà. Ó la ẹnu, ó sì tajú kán rí Jẹ́jẹ́ lẹ́yìn gbọ̀ngàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ọmọ náà ń fi ojú wá tirẹ̀ lórí tábìlì. Ó wá a láti òpin kan dé èkejì, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bóyá ojú òun ni kò ríran tó.

Olùkọ́ náà pa ẹnu dé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa páálí jáde lábẹ́ tábìlì, ó gbé e lé àárín àwọn òṣùwọ̀n tó ń dán.

"A máa ṣe eré kan," ló wí.

Ó kó àpò iyanrìn méjì lé alága lọ́wọ́, ó ní kó sọ bóyá wọ́n dọ́gba. Alága gbé wọn wò, ó ní wọ́n dọ́gba. Ó ní kó gbé wọn sórí òṣùwọ̀n ọmọ rẹ̀. Àwo òsì já wálẹ̀ gbàgà. Alága rẹ́rìn-ín, ó ní ó ní láti jẹ́ pé àpò yẹn wúwo ju èkejì lọ díẹ̀. Ó pààrọ̀ wọn. Àwo òsì tún já wálẹ̀. Wọ́n gbé wọn lé òṣùwọ̀n búlúù, òsì náà ló lọ. Wọ́n gbé wọn lé èyí tó tẹ̀ lé e, òsì náà ni, àfi bí ẹni pé gbogbo wọn ti forí korí ṣèpàdé kí wọ́n tó wá. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó yára pa á mọ́ra.

Olùkọ́ náà pe Jẹ́jẹ́. Ọmọ náà rìn wá síwájú, ó tú igi tirẹ̀ jáde nínú páálí, ọ̀pá ìgbálẹ̀ tí ìdérí agolo rọ̀ sí lára. Ó fi okùn kọ́ ọ sọ́wọ́, ó sì gbé àpò méjèèjì lé e. Igi náà mì lọ, ó mì bọ̀, ó sì dúró.

Alága bi ọmọ náà pé báwo ló ṣe ṣe é.

"Àǹtí purọ́," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Ihò tí wọ́n yà sójú pátákó kò sí láàárín. Ó ń tẹ̀ ṣáá, mo bá lu òmíràn. Mo mú wọn."

Kò sẹ́ni tó níláti bá a tún un sọ. Ará ẹ̀yìn gbọ́, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́. Àwọn ọmọ tó ṣe tiwọn fúnra wọn bá sáré síwájú, wọ́n ń pariwo pé àwọn náà mú Àǹtí, wọ́n ń na igi wọn oníhò méjì sókè kí òbí wọn rí i. Olùkọ́ náà dojú òṣùwọ̀n pupa dé, ó já irin abẹ́ àwo rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì. Ọmọ alága wo irin náà, ó wo bàbá rẹ̀. "Dádì, mo bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí n ṣe é," ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Bóyá ọ̀rọ̀ yẹn ló bí alága nínú jù. Ojú tì í, kò sì sí ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fi ìtìjú ṣe ju kó gbé e fún ẹlòmíràn. Ó yíjú sí ọ̀gá àgbà, ó bi í pé ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí nìyí, kí olùkọ́ mọ̀ọ́mọ̀ máa ya irọ́ sójú pátákó fún ọmọ ọlọ́mọ. Ìyá kan ní abájọ. Ẹlòmíràn ní tí ó bá lọ jẹ́ pé irọ́ náà ni wọ́n kọ sínú ìdánwò ńkọ́. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, kò sí òbí tó ra òṣùwọ̀n mọ́ nínú gbọ̀ngàn náà, gbogbo wọn ti di ẹni tí olùkọ́ rẹ́ jẹ. Ọ̀gá àgbà bẹ̀ wọ́n, ó ń to ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ bó ti ń bẹ̀ wọ́n. Ó ní kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ó ní láti ọjọ́ Ajé, eré ti parí.

Olùkọ́ náà ti pinnu pé òun kò ní sọ nǹkan kan. Kò mọ ìgbà tó sọ ọ́.

"Tèmi, mo pa á kí wọ́n lè mú un ni. Tiyín, ẹ fi irin dì í mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Àwa méjèèjì, ta ló purọ́ fún ọmọ?"

Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í kó àpò wọn, wọ́n ń fa ọmọ lọ́wọ́, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa oòrùn. Nínú rúkèrúdò náà, Jẹ́jẹ́ ti igi rẹ̀ bọ inú ẹ̀wù, ó sì bá ìyá rẹ̀ lọ. Àwọn yòókù rí i, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Nígbà tí ọ̀gá àgbà gbé páálí náà lé orí àpótí eré, tó sì ti ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́rùsí mọ́ wọn, tó ju kọ́kọ́rọ́ sápò, kò bojú wo inú páálí. Òfìfo ló tì mọ́lé.

Gbọ̀ngàn wá ku olùkọ́ náà àti ọkọ rẹ̀. Olùkọ́ náà jókòó sí etí pèpéle, ó ti bọ́ bàtà. Inú ṣì ń bí i. Inú ń bí i sí alága, inú ń bí i sí ọ̀gá àgbà, inú ń bí i sí ọkọ rẹ̀ tó ń to àga jọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ to àga tán, ó wá jókòó tì í, kò sún mọ́ ọn jù. Ó ti tú igi kúrò lára òṣùwọ̀n búlúù kan tí wọn kò gbé lọ. Ó ń fi àtàǹpàkò ra ihò rẹ̀.

"Mo rí i láti ọjọ́ àkọ́kọ́," ló wí. "Kí ojú mi tó rí i ni ọwọ́ mi ti mọ̀ pé kò sí láàárín."

Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí i. Ó bi í pé kí ló wá dé tí kò sún un.

Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu gidi. "Ìwọ lo yà á," ló wí. "Ìwé ilé ìwé ni. Ta ni mo jẹ́ tí n ó fi sún ohun tí olùkọ́ yà?"

Ó ní bí igi náà ṣe ń tẹ̀ kò jẹ́ kí òun sùn. Òun yẹ àwòrán náà wò títí, òun ní bóyá òye òun ni kò dé ibẹ̀. Òun wá wá irin sí i, kí ó lè dúró, kí àwòrán náà má baà jẹ́ irọ́.

Olùkọ́ náà la ẹnu láti bínú. Ìbínú náà kò jáde. Ọkùnrin yìí ń ṣe ilẹ̀kùn tó ń padé láìjẹ́ pé èèyàn tì í. Bí ó bá fi ọwọ́ gbá pákó kan, á sọ ibi tí yóò ti kán. Ó sì jókòó sí ìsọ̀ ara rẹ̀, níwájú àwòrán tó yẹ kí ọmọdé mú, ó ká ọwọ́ mọ́ra bí ọmọ tí wọ́n ti nà rí nítorí pé ó mọ nǹkan. Olùkọ́ náà wá ń rántí ilé. Ní ìrọ̀lẹ́, bí ó bá ti tẹ́ ìwé àwọn ọmọ kalẹ̀ lórí tábìlì, tí ó ń kọ́ wọn, tí ẹ̀rín gba ilé kan, ọkọ rẹ̀ a dìde wẹ́rẹ́, a ní òun ń lọ wo nǹkan kan ní ìsọ̀. Láti ọdún yìí wá, ó rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Kò fi ìgbà kan ní kó jókòó. Kò fi ìgbà kan sọ fún un pé èèyàn lè mú òun.

"Ibo ló yẹ kí ihò náà wà?" ni ọkọ rẹ̀ béèrè.

Ìdáhùn ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì. Ó gba igi búlúù náà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, ó na ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ síta, ó sì gbé igi náà dábùú lé e lórí.

Ọkùnrin náà wò ó, ó wo igi. Ó gbé ìka sábẹ́ ihò, igi náà tẹ̀. Ó sún ìka díẹ̀. Ó tún tẹ̀, ṣùgbọ́n kò yára bíi ti àkọ́kọ́. Ó tún sún un, ó mú èémí dúró, ètè rẹ̀ yọ jáde bíi ti ọmọ kíláàsì ìyàwó rẹ̀ gẹ́lẹ́. Igi náà mì lọ, ó mì bọ̀, ó sì dúró lórí ìka rẹ̀ láìsí irin kankan nídìí rẹ̀.

Ohùn rẹ̀ kéré débi pé bí ẹlòmíràn bá wà níbẹ̀, kò ní gbọ́.

"Mo mú ọ," ló wí.

Ìyá Eré na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú.